Iṣẹ́ Tí Mo Rán Táyé

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ẹni tó ránṣẹ́ yóò máa bẹ̀rù bí ìránṣẹ́ kò bá padà wálé.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé ló kọ́kọ́ dé ayé, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, nítorí èmi ni mo ní kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Nínú ilé wa ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, a kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí omi bá tán nínú àmù, màmá wa á ní, "Kẹ́hìndé, rán àbúrò rẹ." N ó rán Táyé. Táyé á kùn, á bú mi, á ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí oòrùn, ìwọ ọ̀lẹ tó jókòó sínú ilé tó ń ránni níṣẹ́!" Ṣùgbọ́n á lọ. Kì í tilẹ̀ rìn lọ, sísá ni í sá.

Ọdún 1992 ni àwa méjèèjì ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí iwájú ilé bàbá wa tó ti sùn, nínú yàrá tó kọjú sí títì. A fi ọ̀dà pupa kọ TÁYÉ-KẸ́HÌN GÉÈMÙ sí ara ilẹ̀kùn páànù. Ẹ̀rọ Séga kan ṣoṣo la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ́ wá láti Àkúrẹ́, ẹ̀rọ wa ti di mẹ́rin, kásẹ́ẹ̀tì géèmù wa sì ti kún pẹpẹ méjì. Àwọn kan ń jókòó gbá a lọ́dọ̀ wa, àwọn mìíràn ń yá kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé, wọn á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì kan tí ọwọ́ ìdajì Òkè-Ìlá kò tíì kàn.

Kì í sì í ṣe ọwọ́ nìkan. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò gbé àwòrán jáde, a ó yọ ọ́, a ó fi ẹnu fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, fúù, fúù, a ó tún tì í bọ inú ẹ̀rọ. Táyé ló mọ̀ ọ́n fẹ́ jù. Èyí tó bá ti kọ̀ fún gbogbo ènìyàn, bí Táyé bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, á jí. Títí di òní, mo máa ń bi ara mi pé èémí tó fẹ́ sínú gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, ibo ló wá lọ?

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún 1997. Àwọn oníbàárà ti ń yọ wá lẹ́nu nítorí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tuntun kan tí wọ́n ní ó ti dé Èkó. Mo ní kí Táyé lọ rà á wá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le. Ó fi aṣọ bora lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé."

Mo ní, "Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Ó yọ orí jáde lábẹ́ aṣọ, ó wò mí. "Ìwọ ni, Kábíyèsí. Kí adé pẹ́ lórí o." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Àrámọ̀kọ. Kò tíì lo wákàtí kan lójú ọ̀nà.

Màmá kò sí nílé nígbà tí mo rán an, ó lọ sí Mísà òwúrọ̀. Nígbà tó bi mí pé kí ló gbé Táyé lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, mo ní n kò mọ̀. Mo ní ó kàn gbéra ni. Irọ́ náà kò ju gbólóhùn méjì lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wa gbé bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dágbére.

*

Ìyá ìbejì kì í ra aṣọ fún ọ̀kan kó má ra fún èkejì, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan ti lọ. Màmá wa, Sẹ̀gilọlá, kò gbẹ́ ère. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá bu iyán fún mi, á gé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ohun tí o bá ń ṣe fún ara rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣe é fún un. Kó má baà rò pé a ti pa òun tì."

Kí ni mo ń ṣe fún ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù bí kò ṣe géèmù? Nítorí náà, láràárọ̀, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán tí n kò tíì ṣí ilẹ̀kùn tán, n ó mú páàdì méjì, ohun ìdarí tí a fi ń gbá géèmù. N ó mú ọ̀kan lọ́wọ́, n ó gbé ìkejì sórí àpótí tí Táyé máa ń jókòó lé. Bọ́ọ̀lù la máa ń gbá. Èmi ni aláṣọ funfun, òun ni aláṣọ pupa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù nínú géèmù a máa sá kiri fúnra wọn, nítorí ẹ̀rọ ló ń darí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ti páàdì Táyé á dúró gbagidi láàárín pápá. N ó máa gbé bọ́ọ̀lù yí i ká. N kò jẹ́ gbá a sílé. Ẹni tí kò lè fọwọ́ kan páàdì, ta ni yóò jẹ góòlù lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Òdo sí òdo ni a máa ń parí rẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì ààbọ̀, òdo sí òdo.

Lẹ́yìn náà n ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ojú kan náà ni Ọlọ́run fún èmi àti Táyé; kódà Màmá máa ń ṣi wá pè. Bí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n bá ti ṣókùnkùn, òun ni mo ń rí nínú rẹ̀, tó jókòó, tó ń wò mí bí ìgbà tó yọ orí lábẹ́ aṣọ. N ó sáré ṣí ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ìdí tí n kò fi lè kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbà pé Táyé wà níbẹ̀. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn pa, níbo ni yóò lọ?

Ó ń kú lóòótọ́. Nínú ọdún 1999 yìí ni ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba tó máa ń wá ní aago mẹ́rin gẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà, mú kásẹ́ẹ̀tì tó yá wá, ó gbé e sórí tábìlì.

"Kẹ́hìndé, gba nǹkan rẹ. Mi ò ní yá a mọ́. Mo ti ra Plésteṣọ̀n, ẹ̀rọ tuntun tó ń lo síídì, fún àwọn ọmọ mi."

"Fún àwọn ọmọ yín àbí fún ẹ̀yin gan-an?"

"Àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n gbá! Mo ṣì ń kọ́ wọn ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń kọ́ wọn?"

"Ó ti pé oṣù kan. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó fà mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O ò tíì gbọ́ nípa Adérẹ̀mí ní Fájuyì? Ó ra kọ̀ǹpútà. Bí o bá mú síídì géèmù kan fún un, kí o tó mu gààrí tán, ó ti bí èkejì. Ojú jọra, ara jọra. Á bí i bí ìbe..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Má bínú, àbúrò mi. Ẹnu ni."

Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì tó dá padà sí pẹpẹ, kò sì sí ẹni tó tún gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí pẹpẹ méjèèjì fi kún. Ilé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò bá ṣe ọdún, ọ̀fọ̀ ni.

*

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá, oṣù tí Ìjọ wa ń gbàdúrà fún àwọn òkú, Adérẹ̀mí fúnra rẹ̀ yọ sí mi. Ẹgbẹ́ wa ni nílé ẹ̀kọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, aláwàdà tí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ọwọ́ lu itan.

"Ìbejì! Ẹ̀rọ mẹ́rin, mẹ́ta ń sùn, ọ̀kan ń hanrun! Ilé ìwòsàn lo ṣí ni?" Ó wọlé, ó fi ìdí lé àpótí Táyé.

"Dìde níbẹ̀."

Ó dìde bí ẹni tí iná jó. "Há. Mo gbàgbé. Táyé, má bínú o, ọ̀rẹ́ mi." Ó wá dúró, ó ń wo pẹpẹ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò lu itan mọ́. "Kẹ́hìndé, mi ò wá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wá bá mi ṣiṣẹ́. Ìwọ lo mọ géèmù jù ní gbogbo Adó, èmi kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀. Jẹ́ kí n wá fi mọ́tò kó àwọn ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ Sátidé, a ó lo èyí tó bá wúlò lára wọn, kí o ti ibí yìí pa."

"Bí mo bá ti ibí pa, ṣé tìrẹ ò ní pa náà lọ́jọ́ kan?"

"Á pa!" Ó sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Ékòó sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí géèmù yóò máa gba inú wáyà tẹlifóònù wá. Kò ní sí kásẹ́ẹ̀tì, kò ní sí síídì, kò ní sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ohun tí kò ní ara, báwo lèèyàn ṣe máa fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?"

"Wọn ò ní fi lé e lọ́wọ́. Á kàn bá a nínú ilé rẹ̀ ni."

Mo wo àpótí Táyé. Òun kò mọ ohun tó sọ. Ó ti ń ka àwọn kásẹ́ẹ̀tì lórí pẹpẹ, ó ń fi ìka nu eruku ẹ̀yìn wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí Fájuyì láti wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré kan ni, kò ju ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí lọ, ṣùgbọ́n èrò dúró títí dé ẹnu ọ̀nà. Adérẹ̀mí ń fi etí ìka mú síídì bí ẹni mú ẹyin. Bí ẹnì kan bá sún mọ́ ọn jù, á ké, "Má mí sí i!" Mo rántí Táyé àti fúù, fúù. Mo ronú pé ayé tí a ń lọ yìí, èémí kò wúlò níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ n kò purọ́, ó wù mí. Ariwo wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n wà láàyè.

Mo sọ fún un pé mo gbà. Kó wá lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ti ń bọ̀ nílé, mo dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Iléṣà, nígbà tí ohùn kan dá mi dúró lẹ́yìn.

"Táyé! Táyélolú!"

Ìyá Monínúọlá ni, obìnrin tó máa ń ta búrẹ́dì fún àwọn arìnrìn-àjò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó gbé búrẹ́dì sórí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

"Ọmọ dáadáa! Mo ní kí n tó kú n ó tún rí ọ. Ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí o ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi kẹ́yìn? Ibà ń ṣe ọ́, o ń gbọ̀n. Mo ní, 'Padà sílé.' O ní, 'Kẹ́hìndé ló rán mi, mà, n kò lè kọ̀ fún un.' Mo ti Adó kúrò lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ṣé o délé láyọ̀?"

Ó yẹ kí n sọ fún un. Gbólóhùn kan péré ni: "Kẹ́hìndé nìyí, mà, Táyé ti sùn." Ṣùgbọ́n ó ti ń fi ojú ìfẹ́ wò mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì ti ń fi ojú àánú wò mí láti ìgbà yẹn. Ojú mìíràn nìyí. Ojú tí Táyé wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹnu mi là.

"Mo délé, mà."

"O ṣeun, Olúwa! Iṣẹ́ tó rán ọ ńkọ́? Ṣé o jẹ́ ẹ?"

"Mo jẹ́ ẹ, mà."

"Ṣé inú ẹ̀gbọ́n rẹ dùn?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mò ń kánjú. Ó ju búrẹ́dì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún Kẹ́hìndé jẹ níbẹ̀. Mo gbé e dé ìdí igi kan, mo gbé e sílẹ̀, mo sì ń lọ láìwẹ̀yìn. A kì í dáhùn fún òkú. Bí wọ́n bá pe ìbejì kan, èkejì kì í jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni Màmá ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbálẹ̀, mo mú páàdì méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ẹnu mi gbẹ. Mo ní, "Táyé, ó ku òní, ó ku ọ̀la." Mo tan ẹ̀rọ. Mo ń gbé bọ́ọ̀lù yí i ká bí mo ti máa ń ṣe.

Aláṣọ pupa tó dúró láàárín pápá ṣí ẹsẹ̀.

Mo wo páàdì orí àpótí. Ó wà níbi tí mo gbé e sí. Mo tún wo inú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi. Kò yára. Bí ẹni tí ibà ń ṣe ló ṣe ń rìn, ó kọjá láàárín àwọn èèyàn mi, kò sì sí ẹni tó dá a lọ́nà, nítorí ọwọ́ mi ti kú sórí páàdì. Ó gbá a sílé. Àwọn èrò inú ẹ̀rọ pariwo.

Òdo sí oókan.

Mo mọ ohun tí Adérẹ̀mí yóò sọ. Á ní páàdì ti gbó, wáyà rẹ̀ ti ń fọwọ́ kan ara wọn nínú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún méjì tí páàdì náà ti wà lórí àpótí yẹn, kò gbó, àfi lọ́jọ́ kejì tí mo dáhùn fún Táyé láàárín ìgboro, tí mo ní ó ti jíṣẹ́, tí mo sì gbà láti ti ilé pa mọ́ ọn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nínú gíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run, n kò rántí ibi tó parí sí.

Mo bá Màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó gbé ojú sókè.

"Kí ló lé ọ dé ulé? O ò ṣí uṣẹ́ lónìí?"

"Màmá, Táyé gbá góòlù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró. Mo sọ fún un nípa Adérẹ̀mí àti nípa bí mo ṣe gbà láti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo sọ nípa Ìyá Monínúọlá pẹ̀lú, pé ó pè mí ní Táyé, pé mo jẹ́ ẹ. N kò sọ ohun tí obìnrin náà ní Táyé wí.

"O jẹ́ ẹ?" Ó na ọwọ́, ó gbá mi létí fẹ́rẹ́, bí ẹni gbá ọmọ ọdún mẹ́fà, èmi ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì. "Ohun tí mo kọ́ ọ kọ́ nìyẹn." Ó tún mú igbá ẹ̀wà. "Inú ń bí i ni. Ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ó lọ láìdágbére, ojú ń tì í láti lọ sinmi. Lọ́la, n ó bá a sọ̀rọ̀."

*

Ní Sátidé, ó ti Mísà dé tààrà sí ṣọ́ọ̀bù, ìgò omi mímọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gèlè funfun lórí. Ó wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wọ́n ọn sí ẹ̀rọ. Mo sáré yọ wáyà kúrò lára iná.

Ó wá kúnlẹ̀ síwájú àpótí. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà jẹ́jẹ́, ó ní kí Olúwa fún un ní ìsinmi, kí ìmọ́lẹ̀ má tán lójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn tó fi máa ń jí wa nígbà tí a wà ní kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Táyélolú, ọmọ mi,
aṣíwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé ayé,
ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́rẹ́ bí ewé tí ọyẹ́ ń tì,
ajíṣẹ́-kí-ìrì-tó-gbẹ.
A rán ọ lódò, ìkòkò rẹ kún dẹ́nu,
a rán ọ lóko, o kó èso bọ̀ fún wa,
a rán ọ lọ́jà, èénì kún ọwọ́ rẹ bọ̀.
Ìrìn kan ṣoṣo tí a kò rán ọ,
òun ni o kò ti ì dé.
Ta lo bi? Ta lo dágbére fún?
Olóríkunkun mi, arán-ara-rẹ̀-níṣẹ́,
ọmọ tí kò jẹ́ kí n sọ pé 'má lọ'..."

"Màmá, ẹ dákẹ́."

Kò gbọ́. Ó ń lọ. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó dárí orí kunkun ji Táyé, kó má ṣe ka àìgbọràn rẹ̀ sí i lọ́rùn. Mo wá mọ̀ pé àdúrà tó ti ń gbà láti ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án nìyí, láàárọ̀, lálẹ́, nígbà tí mo wà ní yàrá kejì tí mò ń sùn.

"Màmá! Èmi ni mo rán an."

Ìgò omi dúró lókè.

"Ó ní ara òun kò yá. Ó ní kó di ọjọ́ Ajé. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo rán an, ó lọ. Ohun tó sọ fún Ìyá Monínúọlá nìyẹn lọ́jọ́ náà, pé òun kò lè kọ̀ fún mi. Kò ṣe orí kunkun. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Ọkọ̀ kan kọjá ní títì, ó fun fèrè. Màmá kò wò mí. Àpótí ló ń wò.

"Ọmọ tó gbọ́ràn," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọmọ tó gbọ́ràn ni mo ń tọrọ àforíjì fún. Níwájú pẹpẹ Olúwa. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún àlùfáà, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀ fún aláìgbọràn."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Má tíì bẹ̀ mí." Ó gbìyànjú láti dìde. Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù pẹ̀lú omi mímọ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí mọ́tò Adérẹ̀mí fi dúró síwájú ilé. Ó wọlé pẹ̀lú ariwo, ó rí ojú wa, ariwo náà kú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá. "Ẹ káàárọ̀, mà. Bí ẹ bá ní kí n padà wá, n ó padà wá."

"Kó o," ni Màmá wí.

Ó wò mí. Mo mi orí sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn: ẹ̀rọ, tẹlifíṣọ̀n, àwọn kásẹ́ẹ̀tì nínú páálí ọṣẹ. Ó kan páàdì orí àpótí, ó dúró. "Èyí ńkọ́, mà? Mo rò pé ẹ máa fẹ́ fi í pamọ́."

"Kó gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dì í mú."

Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, ṣọ́ọ̀bù ti di yàrá lásán. Ibi tí ẹ̀rọ jókòó sí funfun lórí tábìlì, eruku ló yí i ká. N kò gbọ́ ohun kankan nínú yàrá náà. Mo ti rò pé n ó gbọ́ ìmí ìtura. N ó gbọ́ ẹkún, ó kéré tán. Kò sí nǹkan kan. Bí Táyé bá wà níbẹ̀ rí, kò sọ ibi tó ń lọ fún mi. Ó ṣe é bí mo ṣe purọ́ pé ó ṣe é: ó kàn gbéra ni.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ń fi ìka tẹ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò mì.

"Kẹ́hìndé."

"Mà?"

"Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti Àrámọ̀kọ, wọ́n ní òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Mo gbà fún wọn. Àwọn obìnrin ìjọ dì mí mú nínú yàrá, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín tí ẹ ń gbé e lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ọ̀tún lẹ gbà ni, tàbí ọ̀nà òsì. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ìhà ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo máa ń kọjú sí." Ó wo yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ohun tí mo ti ń sọ fún un kò tọ̀nà, ibi tí mo ti ń sọ ọ́ kò sì tọ̀nà."

"Màmá, wọ́n ní èèwọ̀ ni."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní." Ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. "Mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí."